Ife Ẹ̀yẹ Kejìlá ti Otilia Tubac

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi tó gbogbo ayé létí pé Arábìnrin Otilia Tubac, aránṣọ ìlú Xejuyú, máa ń bọ́ bàtà òsì rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ti òsì nìkan ni. Bí pásítọ̀ bá ti ní kí wọ́n ṣí Bíbélì sí ìwé Fílípì, bàtà náà á rọra kúrò lẹ́sẹ̀, á dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga. Bí pásítọ̀ bá wí pé "Lákòótán," ẹsẹ̀ á máa wá bàtà kiri. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Wenceslao kì í sọ Lákòótán lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà márùn-ún ló máa ń sọ ọ́, àti pé láàárín ìkíní sí ìkarùn-ún, èèyàn lè gbé ẹ̀wà kaná kó sì jinná. Nítorí náà Otilia ti kọ́gbọ́n, ó ń kà wọ́n. Ní ìkarùn-ún ló ń wọ bàtà. Ọdún keje rèé, kò tíì ṣì í kà rí.

Ọdún méje náà ni pásítọ̀ ti ń wàásù lórí ẹsẹ kan. Kì í ṣe ìwé kan, kì í sì í ṣe orí kan. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni: Fílípì orí kẹrin, ẹsẹ kẹtàlá, níbi tí àpọ́sítélì ti sọ pé òun lè ṣe ohun gbogbo nípa ẹni tó ń fún òun lágbára. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹsẹ náà. Pásítọ̀ pàápàá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti Ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó yanrìn, yanrìn kì í sì í fún èèyàn láàyè ìwé. Lọ́dún méje sẹ́yìn ni ọkọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ já sínú ọ̀gbun lọ́nà ìlú Tecpán. Ọkọ̀ fọ́ yángá, pásítọ̀ jáde láìfarapa, ẹsẹ yẹn ló sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń fi ọwọ́ àti eékún gun òkè bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìjọ Àpáta Ìyè ń bá a já sínú ọ̀gbun, tí wọ́n sì ń bá a gun òkè. Ìwàásù náà ti yé wọn débi pé àwọn kan lè júwe igi tó wà létí ọ̀gbun fún yín, àti ẹ̀ka tó ṣẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́jọ ló wà lórí òrùlé ìjọ náà, gbogbo wọn ló kọjú sí títì. Nítorí náà àwọn Kátólíìkì inú ìlú náà ń já sínú ọ̀gbun, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Bí orin bá ti parí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin ìjọ gbàgà nítorí ajá. Ajá Xejuyú fẹ́ràn ìwàásù. Wọ́n á wọlé, wọ́n á na ara wọn gbalaja níwájú ibi tí pásítọ̀ ń dúró sí, wọ́n á sùn lọ fọnfọn. Àwọn àgbà ìjọ sì ní kò bójú mu kí ajá máa ṣe ní gbangba ohun tí ọmọ ìjọ ń fọgbọ́n ṣe.

Bí ẹ bá rò pé Otilia jẹ́ onígbàgbọ́ ẹ̀yìn àga lásán, ẹ ò tíì dé ilé rẹ̀ ni. Lórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ife ẹ̀yẹ mọ́kànlá ló tò síbẹ̀, ó sì ń nu wọ́n ní Sátidé kó tó jẹ tàmálẹ̀, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì sè. Ìdíje Idà ló ti gbà wọ́n. Àwọn olùdíje á tò, wọ́n á gbé Bíbélì sókè bí ọmọ ogun tó fa idà yọ. Ẹ̀yìn ìwé ló ń wà látẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò ò sì gbọdọ̀ fara kan ewé. Adarí á pe ìwé, orí àti ẹsẹ lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní, "Ẹ kọlù ú!" Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìka lé ẹsẹ náà, tó gbé ìṣísẹ̀ kan síwájú, tó sì kà á sókè, òun ló jẹ. Ọwọ́ Otilia yá ju ojú ẹlòmíì lọ. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, àwọn ọ̀dọ́langba sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n ní bí iná bá lọ, Otilia á fi òórùn wá Ọbadáyà rí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í rí ni ohun tí Ọbadáyà ń sọ. Òun náà ò mọ̀. Ó mọ ojúlé gbogbo ẹsẹ inú Bíbélì bí apínlẹ́tà ṣe mọ ojúlé gbogbo ìlú, kò sì tíì jókòó mu kọfí nínú ọ̀kankan.

Ẹni tó wá da ọ̀rọ̀ rú ni Bàbá Gumersindo, aládùúgbò rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Kátólíìkì ni bàbá, kò sì ní ìpinnu kankan láti yí padà. Áyọ́ọ̀nù ló ń gbé e wá sílé Otilia lójoojúmọ́, torí òtútù orí òkè Xejuyú ò mọ àgbà, ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù aránṣọ sì móoru. Otilia ní bó bá máa máa jókòó ti òun, kó máa ṣiṣẹ́. Ó kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ìwé inú Bíbélì, kó lè máa pè wọ́n kí òun fi ṣe ìgbaradì.

"Hábákúkù," ni bàbá máa ń pè, torí orúkọ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. "Orí kẹrìndínlógún, ẹsẹ kìíní."

"Bàbá, Hábákúkù ò ju orí mẹ́ta lọ."

"Orí mẹ́ta péré ló fi sọ tẹnu rẹ̀ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò wá fi í ṣe pásítọ̀ yín?"

Otilia tẹjú mọ́ aṣọ tó ń lọ̀ kí ẹ̀rín má bàa jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ò pe Hábákúkù.

"Fílípì," ló wí. "Orí kẹrin, ẹsẹ kejìlá."

"Ẹ̀kẹtàlá lẹ fẹ́ pè, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kejìlá. Ẹ̀kẹtàlá, ẹ ti fi gbohùngbohùn kàn án mọ́ mi létí láti ọdún méje. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń gbé nílé tó ṣáájú."

Kó tó pa ẹnu dé, Otilia ti rí i. Ó kà á. Ọkùnrin tó kọ̀wé náà ní òun mọ bí ebi ṣe ń rí, òun mọ bí àyó ṣe ń rí, òun sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá méjèèjì gbé.

Bàbá na etí. "Ọ̀rọ̀ ebi ló wá ń sọ?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù?"

"Mi ò rí ọkọ̀ níbẹ̀, Bàbá."

"Padà sẹ́yìn sí i. Ta ló febi pa á?"

Otilia padà sẹ́yìn. Ó gba orí kẹta, ó gba orí kejì. Nígbà tó fi dé orí kìíní, tó rí i pé lẹ́tà ni, pé inú ẹ̀wọ̀n ni ọkùnrin náà jókòó sí tó fi ń kọ ọ́, òórùn kan ti gba yàrá. Síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ọ̀gá ilé ìwé ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó ti jó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá," ni Otilia wí, kò tilẹ̀ wo síkẹ́ẹ̀tì. "Ó dà bí ẹni tó gé àpò kan lára kóòtù, tó wá ń gbé àpò náà rìn káàkiri fún ọdún méje. Àpò gidi ni o. Ṣùgbọ́n kóòtù ńkọ́?"

"Òun náà ni mo fi ń sọ pé òtútù ń mú mi," ni bàbá dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìwàásù ti di ẹ̀gún fún un. Tẹ́lẹ̀, ó kàn ń sú u ni. Ẹni tí nǹkan sú lè sùn. Ẹni tí inú ń bí ò lè sùn. Á jókòó sí ìlà ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bàtà òsì nílẹ̀, á máa gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń já lọ sínú ọ̀gbun, á máa rántí pé bí pásítọ̀ bá gbé ojú sókè ìwọ̀n ìka kan péré lórí ojú ewé yẹn, gbogbo wọn ì bá bá ibòmíì lọ. Èyí tó dùn ún jù ni ife mọ́kànlá náà. Ta ló ti wà níbẹ̀ jù ú lọ? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìka rẹ̀ ti gba orí ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n yẹn kọjá láìkí i?

Ní Ọjọ́ Ajé, ó lọ bá pásítọ̀ níbi tó ti ń já yanrìn.

"Pásítọ̀, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Arábìnrin? Àwẹ̀ ni?"

"Ìwé kíkà. Ká mú ìwé kan nínú Bíbélì, ká kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká sì máa bi ara wa ní ìbéèrè."

"Gbogbo ìwé náà?" Ó wò ó bí ẹni tó sọ pé òun fẹ́ dá odidi màlúù jẹ.

"Gbogbo ẹ̀."

"Àbí ìwàásù ò tó yín mọ́ ni?"

"Ó tó, Pásítọ̀. Ó tiẹ̀ ń ṣẹ́kù."

Pásítọ̀ fi ṣọ́bìrì gún yanrìn, ó rò ó. "Ẹ wò ó, Ìdíje Idà ku oṣù kan. Ẹ gba ife kejìlá wá fún wa, Ọjọ́bọ̀ á di tiyín títí Olúwa á fi dé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún àwọn akọrin. Wọ́n ti ń tọrọ ẹ̀ tipẹ́."

Inú Otilia dùn délé. Ife tó ti gbà mọ́kànlá láìlàágùn. Àfi ìgbà tó gbé Bíbélì sókè pé kí Bàbá Gumersindo pè é ló tó mọ̀ pé àìsàn kan ti wọ òun lára. Ọwọ́ ṣì ń yá. Á dé ibi ẹsẹ náà ká tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ojú ò gbà kí ó lọ mọ́. Ojú á yà sílé tó ṣáájú, á yà sí èyí tó tẹ̀ lé e, á jókòó.

"Rúùtù, orí kejì, ẹsẹ kẹrin," ni bàbá pè.

"Mo ti rí i. Bóásì dé láti—" Ojú rẹ̀ ti yà sókè ewé.

"Ta ni Bóásì?"

"Mi ò mọ̀."

"Wò ó dáadáa."

Wọ́n wò ó. Kọfí tutù, búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ yọ́ tán sínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ń bà mí lọ́wọ́ jẹ́ o."

"Èmi? Ṣé ojú mi ló ń kà á?"

Otilia gbìyànjú. Ó fi ìwé líle bo ojú ewé kó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ẹsẹ nìkan lòun á máa rí. Ojú rẹ̀ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó pa ìwé dé, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò ní ka ohunkóhun mọ́ títí ìdíje á fi kọjá. Ibi tí wọ́n dé nígbà yẹn, Rúùtù ti wẹ̀, ó ti fi òróró para, ó ti wọ aṣọ rere, ó ti forí lé ibi ìpakà tí Bóásì máa sùn sí.

"Ibẹ̀ lo máa dúró?" ni bàbá bi í.

"Ibẹ̀ ni. Ó di ẹ̀yìn ìdíje."

"Otilia, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mí. Má fi obìnrin yẹn sójú ọ̀nà."

"Ó ti dúró láti ọjọ́ yìí wá. Á dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Òun lè dúró. Èmi ni mo ń sọ."

Ọjọ́ ìdíje pé. Ọkọ̀ yanrìn pásítọ̀ ló kó ìjọ lọ sí Chimaltenango, ogójì èèyàn lórí ìdúró, tàmálẹ̀ nínú agbọ̀n. Gbogbo àwọn tó kù ti já bọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó wá ku Otilia àti Arábìnrin Delfina Xocop láti Tecpán, obìnrin tó ti ń ṣe ipò kejì láti ọdún mẹ́sàn-án, tó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ta ọ̀mì. Adarí ní ẹsẹ kan ló kù, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló jẹ.

"Ìfihàn, orí kẹta, ẹsẹ ogún. Ìfihàn, orí kẹta, ẹsẹ ogún."

Ẹ̀rín lọ káàkiri, torí ìyẹn kì í ṣe ìdíje mọ́. Ẹsẹ tó wà lára ògiri, tó wà lára bọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ pásítọ̀ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ ọ́n: èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń kànkùn. Sátidé-Sátidé ni ìjọ ń gbé e lọ sí oríta, tí wọ́n ń fi í kilọ̀ fún àwọn ọ̀mùtí.

"Ẹ kọlù ú!"

Ìka Otilia ti wà lórí rẹ̀ kí ohùn adarí tó balẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan ló kù. Ó gbé ẹsẹ̀.

Ojú rẹ̀ sì yà sókè. Ó rí àwọn èèyàn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé ọlọ́rọ̀ làwọn, àwọn ò ṣaláìní nǹkan kan. Ó rí ẹnì kan tó ń sọ fún wọn pé wọn ò gbóná, wọn ò tutù, òun máa pọ̀ wọ́n jáde lẹ́nu. Irú ọ̀mùtí wo nìyí? Ó gun òkè lọ wá orúkọ ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí. Ìjọ ni. Wọn ò kọ ọ́ sí oríta. Ìjọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìjọ onígbàgbọ́, tó ní olùtọ́jú tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ìjọ ni ọkùnrin náà ń kàn. Ìta ló wà.

"Ta ló wá tìlẹ̀kùn?" ni Otilia wí sókè, níwájú gbogbo èèyàn.

Delfina gbé ìṣísẹ̀ kan síwájú, ó sì kà á.

Nígbà tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, Delfina ò jọ ẹni tó yọ̀. "Arábìnrin Otilia, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lé yín. Ẹ má fi ife yìí dá mi lọ́rẹ o. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ẹ ka ẹsẹ mẹ́fà tó ṣáájú."

"Nísinsìnyí?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná. Kì í jẹ́ kéèyàn jẹun."

Lọ́nà ilé, ẹnikẹ́ni ò kọrin lórí ọkọ̀. Pásítọ̀ mú Otilia síwájú sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ìyẹn ni àpọ́nlé, ó sì tún jẹ́ ìyà.

"Arábìnrin, mo rí ìka yín. Ó wà lórí ẹ̀."

"Ó wà lórí ẹ̀, Pásítọ̀."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mò ń kà á ni."

Pásítọ̀ pààrọ̀ jíà. "Ẹ ṣì lè gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbà á, ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ ò yí padà. Àmọ́ ẹ fi gbogbo ìwé kíkà yìí sílẹ̀ ná, ó ń dí yín lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe dé ibi igi tó wà létí ọ̀gbun, ó tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Otilia rò ó títí. Ó sì gbà. Ó pinnu pé òun ò ní kàwé fún odidi ọdún kan, kí wọ́n lè fún òun láàyè láti máa kàwé. Ó ti Bíbélì bọ inú àpótí bọ́tìnnì. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ohùn àwọn akọrin ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń tún ìlà kan náà kọ, Otilia sì ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni tó ń jà. Bàbá Gumersindo dé, ó jókòó.

"Ṣé obìnrin yẹn ti débẹ̀?"

"Bàbá, mo ní kò sí ìwé."

"Mi ò ní kó o kà á. Mo ní kó o kàn sọ fún mi bóyá ó débẹ̀."

"Mi ò mọ̀. Èmi náà ò tíì débẹ̀."

"O lè wò ó."

"Bí mo bá wò ó, ọwọ́ mi tún lọ nìyẹn."

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀. "Áyọ́ọ̀nù yìí ò gbóná mọ́," ló wí, ó sì lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, wọ́n kọrin tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin gbàgà. Wọ́n ṣí Fílípì. Bàtà òsì kúrò lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ já sínú ọ̀gbun, ó fọ́, pásítọ̀ gun òkè. Lákòótán ìkíní kọjá, ìkejì kọjá. Lẹ́yìn ìkẹta, tí pásítọ̀ dákẹ́ láti mu omi, Otilia gbọ́ ọ̀pá lára ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò pariwo. Kó, kó, kó. Arákùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ti sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Otilia," ni ohùn kan wí gba àlàfo irin. "Èmi ni. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀, gbogbo ìlú ń gbọ́ ibi tẹ́ ẹ dé. Mo ti mú àpótí ìjókòó mi lọ́wọ́. Bọ́ síta wá sọ fún mi bóyá Rúùtù débẹ̀."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, Kátólíìkì, kò tíì kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì onígbàgbọ́ rí láyé rẹ̀. Ajá mẹ́ta ló ti tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó wá pẹ̀lú rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, Otilia ò mọ ohun tó ṣe é tó fi yọ Bíbélì kúrò nínú àpótí bọ́tìnnì sínú báàgì. Pásítọ̀ ti gbé ife omi kalẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ìlà ẹ̀yìn, lára Otilia, ó sì ti la ẹnu fún ìkẹrin. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, ajá á wọlé, pásítọ̀ á mọ̀ pé kò tíì jáwọ́ nínú ìwé kíkà, Ọjọ́bọ̀ ọdún tó ń bọ̀ á sì di ti akọrin títí Olúwa á fi dé. Otilia na ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Bàtà ò sí níbi tó fi í sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá wa dá a: ṣé bàtà kan ni kí ó fi lọ ṣílẹ̀kùn, àbí kí ó dúró de Lákòótán ìkarùn-ún?